Àṣàkẹ́, Ìyá Rẹ Kò Sí Nínú Ìwé Tí O Kọ

Ilé wa, Ẹdẹ.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Aláásárì.

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ Ràlíà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ilé tuntun tí o gbà sí Ìbàdàn. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Má jẹ́ kí àyà rẹ já bí o bá rí bí ìwé yìí ti nípọn tó. Kò sí ẹni tó kú. Mo mọ̀ pé fóònù wà, o sì ń gbìyànjú, o máa ń pè wá déédéé. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé fóònù sétí, ìwọ lo máa ń sọ̀rọ̀ jù, èmi á kàn máa wí pé "ó dáa, ó dáa", a ó sì dágbére. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ó-dáa. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ láti ìgbà èwe mi, tí mo ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti já lójijì, oníbàárà ló dé.

Nígbà tí o sọ fún mi pé o ti ríṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ìtàn ìdílé, pé wọ́n á máa rán ọ lọ sílé àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn lókìkí láti ìran dé ìran kí o lè kọ ìgbésí ayé wọn, inú mi dùn. Nígbà tí o wá fi kún un pé ilé ìyá rẹ ni wọ́n ní kí o fi bẹ̀rẹ̀, Ilé Oníjákàn, inú mi dùn, ó sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. N kò sọ fún ọ. Kò sí ẹni tó mọ agbádá ní gbogbo Ẹdẹ yìí tí kò mọ ọwọ́ ilé náà, bí wọ́n ṣe ń fi òwú ya ọnà jákàn sí ọrùn àti àyà aṣọ. Kò sì sí àgbàlagbà ní àdúgbò wa tí kò mọ ohun kejì tí wọ́n ń sọ nípa wọn, tí wọ́n bá ti rẹ ohùn sílẹ̀. Bàbá tó bí ìyá rẹ dìde nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó bọ́ sí ọ̀nà tó lọ sí ìlú Awo láìwọ bàtà, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ẹ̀rùn fi parí. Wọ́n ní bàbá tó bí bàbá náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn wọn ló kan ìyá rẹ.

Ìwé tí o fi rán awakọ̀ sí wa dé lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá rẹ ló ní kí n kà á sí òun létí, nítorí ojú rẹ̀ kò gbé ìwé wẹ́wẹ́ mọ́. Ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú aṣọ kan lẹ́sẹ̀, ó ń rán an lọ, mo ń kà lọ. O mọ̀ ọ́n kọ, ọmọ mi. N kò ní fi ìyẹn dù ọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ṣàpèjúwe bí bàbá rẹ̀ àgbà ṣe ń fi òwú sẹ́nu kó tó kì í bọ ojú abẹ́rẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe é! Ta ló sọ fún un?" Mo ka ti bàbá rẹ̀. Mo ka ti Lásísì àbúrò rẹ̀, ojú ewé lórí ojú ewé. Mo kà á tán, mo tò ó pọ̀.

Ó ní, "Ó ti tán?"

Mo ní, "Ó tán."

Ó ní, "Èmi dà?"

Mo ní o ń bẹ níbẹ̀, mo sì ń wá ojú ewé náà tọwọ́tẹsẹ̀. Mo rí i. Mo kà á fún un: "Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ, ọkùnrin kan àti obìnrin kan." Mo ní, "Ìwọ lobìnrin kan yẹn."

Ó ní, "Obìnrin kan." Ó ká aṣọ tó ń rán, ó dìde, ó wọlé lọ.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé sí ọ nìyẹn, n kò ní fi pa mọ́ sábẹ́ òwe. Ìyá rẹ fẹ́ kí o kọ òun sínú ìwé náà, ó fẹ́ sọ ọ́ fún ọ lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì ti ń gbàgbé. N kò sọ èyí lórí fóònù. Dókítà tó ń fún un ní oògùn ní kì í ṣe àìsàn ti àtijọ́ ló padà dé. Ó ní ọjọ́ orí ni, pé bí yóò ti máa rí nìyẹn, yóò sì máa pọ̀ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí ní Lásísì, ó sì ń bi mí bóyá bàbá ti jẹun. Bàbá rẹ̀ tí ó ń béèrè yẹn ti kú kí a tó bí ọ.

Mo mọ ìdí tí o fi yọ ọ́ kúrò. Lásísì wá bá ọ nígbà tí o wá sílé, ó bẹ̀ ọ́. Ròkíbà ọmọ rẹ̀ ti rí ọkọ ní Awo, àwọn ará Awo náà yóò sì rán àgbàlagbà wá wádìí ilé kí wọ́n tó tọrọ rẹ̀. O mọ ohun tí wọ́n máa ń béèrè: ṣé wèrè kò sí níbẹ̀, ṣé wárápá kò sí níbẹ̀, ṣé ẹ̀tẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ti bàbá àgbà ti di ìtàn àtijọ́, wọ́n á ní bóyá ayé ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ń bẹ láàyè, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó sì ni. Lásísì ní kí o ṣàánú àbúrò rẹ, ìwọ náà sì ṣàánú. N kò bínú sí ọ. Ọmọ tó láàánú ni mo bí.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ ní Alajue, abúlé àwọn èèyàn ìyá rẹ. O da ìbòrí borí, o mú bíírò lọ́wọ́, o lọ ń bi àwọn ìyá àgbà tí kò mọ̀ ọ́n rí léèrè pé irú èèyàn wo ni àwọn Ilé Oníjákàn, ṣé ara wọn le, ṣé wọ́n níwà. Háà, Àṣàkẹ́! Ta ló ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó ń wá ìyàwó fún ọmọ? Ìyá kan di ọ́ lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni wọ́n, kò sí àrùn kankan nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ tètè máa gbé ẹrù ìyàwó bọ̀ o, kí ẹlòmíràn má baà ṣíwájú yín." Ìwọ náà sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀! Nígbà tí o rojọ́ rẹ̀ fún mi, a rẹ́rìn-ín débi tí omi bọ́ lójú wa.

Àmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nípa iṣẹ́ rẹ wà nínú ẹ̀rín yẹn. Ibikíbi tí wọ́n bá rán ọ lọ, sọ ẹni tí o jẹ́ àti ohun tí o ń wá kí o tó béèrè ohunkóhun. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn bá rò pé wọ́n rán ọ ni wọ́n máa dáhùn, kì í ṣe èyí tí o bi wọ́n. Ìyá Alajue yẹn kò sì purọ́ nítorí ìkà. Ó fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ rílé ọkọ ni. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni o pa nípa ìyá rẹ. Ìfẹ́ ni mo fi ń sọ ọ́, má sunkún.

Ìkejì. Tí o bá ń kọ nípa ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, má kọ ọ́ kí òǹkàwé lè rí nǹkan wò. Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ẹnu mi dùn, àwọn oníbàárà a sì máa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yìí nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Mo máa ń sọ ìtàn bí àna mi ṣe bọ́ sọ́nà Awo fún wọn. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ ṣe bó ṣe ń rìn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ra òwú. Lọ́jọ́ kan tí mo sọ ọ́ tán, mo yíjú wẹ̀yìn, mo rí ìyá rẹ tó gbé oúnjẹ wá fún mi, tó dúró sí ẹ̀bá ìlẹ̀kùn. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ ẹ́ kó tó tutù."

Ṣé o mọ ohun tí n kò fi sínú ìtàn yẹn rí? Ìyá àgbà rẹ, ìyá tó bí ìyá rẹ. Ní ọjọ́ tí ọkọ wọn ń rìn lọ yẹn, ìyá yẹn ló gbé bàtà bàbá méjèèjì dání, tí wọ́n ń tẹ̀lé bàbá lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Wọn ò pariwo, wọn ò sì fa bàbá láṣọ. Wọ́n ń tẹ̀lé bàbá ni títí ó fi rẹ bàbá, tí bàbá jókòó, nígbà náà ni ìyá fi bàtà wọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Ìyá àgbà ló sọ ọ́ fún mi fúnra wọn, wọ́n ní òòrùn mú, ilẹ̀ gbóná, àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá ni wọ́n ń rò ní gbogbo ọ̀nà. Wọn ò mọ abẹ́rẹ́ dì mú, wọn ò ní ìtàn kankan. Ìwọ náà kò kọ wọ́n. Nínú ilé tí ẹ̀bùn àti ìpọ́njú bá jọ ń gbé, ọmọ mi, wá ẹni tó ń gbé bàtà. Bí ẹni yẹn kò bá sí, àwọn olókìkí tí o ń kọ ìtàn wọn kì bá tí dé ilé.

Oníbàárà dé. Ó lọ.

Èyí tó kàn ló nira jù fún mi. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, ìyá mi rán àǹtí wọn lọ wádìí. Àǹtí náà padà wá, wọ́n ní, "Ọwọ́ ilé yẹn dára, orí wọn ni kì í fìdí kalẹ̀." Mo ní mo gbọ́, mo ní òun náà ni mo máa fẹ́. Mo rò pé ìfẹ́ lè ṣe ohun tí oògùn kò lè ṣe. Ọmọdé ń ṣe mí. A bí ọ, ara ìyá rẹ dá ṣáṣá. Kò tíì pé ọdún, ó dẹ́kun oorun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ya ọnà sí gbogbo aṣọ tó bá wà nínú ilé: aṣọ ìkélé, ìrọ̀rí, ọ̀já tí ó fi ń pọ̀n ọ́, àpò ìrẹsì pàápàá. Ó lẹ́wà ju ohun tí mo lè sọ lọ, ó sì ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tó yá, kò mọ̀ mí mọ́, kò mọ ìwọ náà.

Mo fi í sí yàrá inú, mo ti ìlẹ̀kùn. Mo sọ fún gbogbo ayé pé ó lọ sí Alajue lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀ kórè. Ẹni tó bá béèrè, ó lọ sí Alajue. Ìgbà ìkórè kọjá, òjò tún dé, mo ṣì ń wí pé Alajue. Àwọn kan wá sọ fún mi pé ọnà tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn ló ń ru sí wọn lórí, pé kí n gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà á. Ó ń na ọwọ́ sí mi, Àṣàkẹ́. Ó ń na ọwọ́ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, èmi tí mò ń ta abẹ́rẹ́ fún gbogbo Ẹdẹ sì ń sọ fún un pé kò sí.

Ilé ìwòsàn la lọ nígbẹ̀yìn, oògùn wọn ló gbé e dìde. Dókítà obìnrin kan ló bi mí pé kí ló dé tí ìyàwó mi ń fi ìka yàwòrán sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣàlàyé. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ lọ mú abẹ́rẹ́ wá fún wọn." Ìgbà tó rán aṣọ díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí sùn.

Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́. Má kọ ọ́ sínú ìwé kankan pé ẹ̀bùn ló fa àìsàn, má sì kọ ọ́ pé àìsàn ló bí ẹ̀bùn. Àwọn òǹkàwé yóò fẹ́ràn rẹ̀, ó máa ń dùn létí. Èmi gbà á gbọ́, mo sì fi í jẹ èèyàn níyà. Kọ pé wọ́n mọ iṣẹ́. Kọ pé ara wọn kò yá. Tí o kò bá mọ ohun tó so méjèèjì pọ̀, kọ pé o kò mọ̀.

Ìkẹrin ni àbí ìkarùn-ún, n kò kà á mọ́: má wá ọ̀daràn níbi tí kò sí. Agbádá sányán tí o fi odindi ojú ewé yìn, tí o ní ọwọ́ Lásísì ni, ọwọ́ ìyá rẹ ni. Iṣẹ́ ọkùnrin ni jákàn láyé ìgbà náà. Lásísì á gbé aṣọ wá fún un lábẹ́lẹ̀, á tún padà wá gbé e, orúkọ Lásísì ló sì ń lọ. Mo mọ̀ pé inú á bí ọ bí o ti ń ka èyí. Dúró ná. Ní gbogbo ìgbà tí ìlẹ̀kùn yàrá yẹn fi wà ní títì, Lásísì nìkan ló ń wá. Á jókòó sílẹ̀ ní ìta ìlẹ̀kùn, á máa sọ fún un irú òwú tó dé, àwọ̀ tó ní, aṣọ tí wọ́n gbé wá. Ìyá rẹ kò dá a lóhùn rí, ṣùgbọ́n Lásísì kò dẹ́kun àtiwá. Ẹni tó gba orúkọ rẹ̀ ló tún bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí èmi ọkọ rẹ̀ ń sọ pé ó lọ kórè. Tí o bá fẹ́ kọ ọ̀kan, kọ èkejì tì í.

Ní ọjọ́ kejì tí mo ka ìwé rẹ tán, Lásísì yà sọ́dọ̀ mi, mo sì sọ fún un pé n óò kọ̀wé sí ọ kí o fi ìyá rẹ sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi orúkọ Ọlọ́run gbà mí. Ẹ jẹ́ kí Ròkíbà wọlé ọkọ ná. Tó bá ti bímọ kan ṣoṣo, kí Àṣàkẹ́ kọ ohun tó bá wù ú."

A kò mọ̀ pé ìyá rẹ ń gbọ́. Ó jáde wá, ó dúró lójú wa.

Ó ní, "Lásísì, èmi lẹ fẹ́ fi pa mọ́ yẹn?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Nítorí ọmọ ni."

"Ọmọ mi náà ni Ròkíbà. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bí i." Ó wò wá, èmi àti àbúrò rẹ̀. "Tí mo bá kú, kí lẹ máa sọ? Ṣé ẹ máa ní mo lọ sí Alajue?"

Àṣàkẹ́, títí di ọjọ́ yẹn kò dárúkọ Alajue fún mi rí. N kò mọ̀ pé ó gbọ́ mi láti inú yàrá yẹn. Mo sunkún lójú àna mi, ojú ò sì tì mí. Lásísì náà ń sunkún. Ìyá rẹ nìkan ni kò sunkún, ó ní kí a dìde kí a lọ sọ fún àwọn ará Awo fúnra wa kí ẹlòmíràn tó bá wa sọ ọ́.

A lọ. Bàbá ọkọ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n fún wa lómi. Èmi ni mo sọ ọ́, mo sọ ti àwọn bàbá, mo sọ ti ìyàwó mi, mo sọ oògùn tó ń lò àti bí ara rẹ̀ ṣe rí. Bàbá náà tẹ́tí títí mo fi parí. Ó ní a ṣe bí àgbà, ó ní Ọlọ́run á san án fún wa. Ó sìn wá dé ibi ọkọ̀. Láti ìgbà náà, wọn kò wá, wọn kò sì pè. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ròkíbà ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá láràárọ̀. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. Ojú rẹ̀ ti wú. N kò mọ̀ bóyá wọ́n á padà wá. N kò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó fún ọ: ohun tí a fẹ́ kí o kọ yìí lè gba ọkọ lọ́wọ́ àbúrò rẹ. Tí o bá dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ lọ. Má lọ ṣàlàyé fún un pé òtítọ́ dára. Jókòó tì í, kó bú ọ bó bá fẹ́ bú ọ. Ní gbogbo ilé tí iṣẹ́ yìí bá gbé ọ dé ni irú Ròkíbà kan yóò máa wà, ẹni tí kò ṣe nǹkankan tí ìwé á sì kàn. Mọ orúkọ ẹni náà kí o tó kọ ìlà àkọ́kọ́.

Ọ̀kan kù, tìrẹ ni. O ní o kì í rí oorun sùn dáadáa láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. O rọra sọ ọ́, o sì yára bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, àmọ́ mo gbọ́. Mo mọ ohun tí o ń bi ara rẹ, nítorí pé o ti dé ọjọ́ orí tí ìyá rẹ wà nígbà náà. N kò lè búra fún ọ. Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé tí oorun bá ń dín kù, gbé ìwé náà sílẹ̀, lọ rí dókítà, sọ fún wọn láìfi ìkankan pa mọ́, kí o sì pè mí kí o tó pe ẹnikẹ́ni. N óò wọ ọkọ̀ wá. Kò sí ẹni tó máa tilẹ̀kùn mọ́ ọ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè. Tí o bá sì rí ọkùnrin tó wù ọ́, ìwọ ni kí o sọ fún un, má dúró de olùwádìí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ orí rẹ fún ọ, kó ṣọ́ ọwọ́ rẹ pẹ̀lú. Kó má jẹ́ kí o fi òtítọ́ ṣe ẹnikẹ́ni níkà. Ó yẹ kí n dúró síbí, mo sì ti ń ká ìwé náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Mo gbé tíì fún ìyá rẹ. Ojú rẹ̀ mọ́, ọ̀kan nínú àwọn àárọ̀ tó dára ni. Ó ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, ṣé ọmọ yẹn máa kọ mí?"

Mo ní, "Á kọ ọ́. Mo ń kọ̀wé sí i."

Ó mu tíì díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó mọ̀ mí?"

Mo ní, "Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ọmọ rẹ mà ni."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ọmọ mi ni. Ṣé ó mọ̀ mí ni mo bi yín."

Ó ń wò mí, ó ń dúró. Àṣàkẹ́, kí ni kí n sọ fún un?

Èmi ni,
Bàbá rẹ.